Aṣọ Ìnutọ́ Ni A Ń Kà

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Ẹrẹ̀nà
Èmi nọ́ọ̀sì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ni mo ń kọ ìwé yìí, lórúkọ àwọn aláìsàn mẹ́sàn-án tó wà ní wọ́ọ̀dù wa. Àrùn ọpọlọ mú ara wọn gbọ̀n, ó di ahọ́n wọn, itọ́ sì ń dà sí wọn láyà. Lónìí, ọ̀kan nínú wọn, Bàbá Télọ̀, bẹ̀rẹ̀ oògùn tí ń gbẹ itọ́. Aṣọ ìnutọ́ mẹ́jọ ló ń lò lóòjọ́. Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì ń kọ iye rẹ̀ sára ògiri.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Ẹrẹ̀nà
Aṣọ kan péré! Ọmọ-ọmọ Bàbá ti gbà kí ó fẹnu ko òun lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Ẹrẹ̀nà
Bàbá ní ó dà bí ẹni pé a fi áyọ́ọ̀nù lọ ẹnu òun, ó kù kí a ká òun sínú àpótí. Mo rẹ́rìn-ín, mo fún un ní súìtì. Ó tù ú lára. Mo gbé ike súìtì kan sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ — bí ó bá ti tán, màá tún rọ òmíràn sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Èbìbí
Bàbá kò jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 22 Oṣù Èbìbí
Ọmọbìnrin rẹ̀ la ẹnu rẹ̀ wò. Eyín iwájú, èyí tó fi já òwú fún ogójì ọdún, ti dúdú nídìí. Ó bi mí pé ta ló ń wo ẹnu bàbá òun. Mo ní aṣọ ìnutọ́ ni a ń kà. Ó ní, "Ṣé aṣọ ló fi ń jẹun ni?"


Ọjọ́ Ajé, 26 Oṣù Èbìbí
Wọ́n yọ eyín mẹ́ta. Dókítà eyín ní itọ́ ló ń ṣan eyín. A gbẹ itọ́, a tún wá fi ṣúgà rọ́pò rẹ̀. Mo ní kí wọ́n dá oògùn náà dúró. Bàbá di ọwọ́ mi mú. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ jáde: "Ọmọ mi, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi kò ní sún mọ́ mi mọ́."
Mo ti fẹ́ gbẹnu sọ fún un láìbi í léèrè.

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Òkúdù
Lẹ́tà sí olùdarí ilé ìwòsàn wa parí. Ìlà kìn-ín-ní: èmi ni mo fún un ní súìtì. Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ara rẹ?" Ó kà á tán, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fọwọ́ sí i lábẹ́ tèmi.

Ohun tí a ń béèrè: kí dókítà eyín wo ẹnu aláìsàn kọ̀ọ̀kan kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa padà wá lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Kí a máa bá wọn fọ eyín láàárọ̀ àti lálẹ́. Omi ni kí a fún ẹnu tó gbẹ, kì í ṣe ohun dídùn. Bí ẹnu bá gbẹ jù, kí dókítà dín oògùn kù, kí ó má gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣì fẹ́ ẹ.

A ń retí èsì títí di Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Òkúdù. Bí kò bá dé, a óò ti kẹ̀kẹ́ àwọn aláìsàn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ sí ọ́fíìsì olùdarí, kí ó fúnra rẹ̀ wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.