Fìdáù Ọmọ Tí Ò Kú

Àtìní, 3 Fébúárì 2025
Ìwé, mo kí ọ o. Ṣé dáadáa lo sùn nínú àpótí? Èmi náà dúpẹ́, orúnkún nìkan ló — kí ni mo tiẹ̀ ń kí sí! Wọ́n fẹ́ ṣe fìdáù Jubril! Ọmọ tí mo bí, tí ò kú! Ọdún kẹfà rèé tí àwọn oníbọn ìjọba wá mú un nílé wa ní Bẹyẹrunkà, wọ́n ní ó ń bá àwọn agbésùnmọ̀mí ṣe. Kò dé kóòtù rí. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tá a gbọ́ ohùn ẹ̀ kẹ́yìn. Muslimat ọmọ ẹ̀ ló ń bá mi kọ ọ́, ọwọ́ mi ò mọ bíírò.

Baba Ikọ́ ló dá a lábàá — Àkíbù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, olórí ilé. Kì í sọ̀rọ̀ kó má kọ́kọ́ wúkọ́. Ó ní ká ṣàdúà òkú lọ́jọ́ Láádì 16, kí Zulaihat ìyá Muslimat lè ṣe opó tán, kó fẹ́ ẹlòmíì. Mo ní, Baba, ikọ́ yín ló yẹ ká ṣàdúà fún.

Àtàláátà, 4
Ariwo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sàídì onímọ́tò àdúgbò wa ní ìjọba ò lè dédé mú èèyàn. Ó ní bí wọ́n bá fi Jubril sílẹ̀, tó lọ ju bọ́ǹbù ńkọ́? Mo ní bó bá ṣe é, kí adájọ́ sọ ọ́ lójú mi, màá gbà. Ẹni tó jí ewúrẹ́ ní Bẹẹrẹ, ọ̀sẹ̀ kejì ló dé kóòtù. Ewúrẹ́ ní ẹjọ́, ọmọ mi ò ní! Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí deegun.

Sàídì ò rẹ́rìn-ín. Bọ́ǹbù ló pa àbúrò ẹ̀ lókè Ọya. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ bínú sí i.

Olóríkunkun ni ṣá. Muslimat, má kọ ìyẹn. — Ó ti kọ ọ́.

Jímọ̀, 7
Zulaihat ò jẹun. Èmi náà ò jẹ. A ní ààwẹ̀ ni.

Àlàrùbá, 12
Èmi àti Zulaihat lọ bá Lọ́yà Hilda ní Agódi. Ọmọ kékeré, bàtà gogoro. Ó ti rí ìwé àtijọ́ kan gbà lọ́wọ́ ìjọba nípa Jubril. Ẹ̀sùn ibẹ̀ ò ju ọ̀kan lọ: Jubril gba ẹnì kan tí ìjọba ń wá lálejò sí yàrá ẹ̀. Ó tán. Ọdún mẹ́fà! Ó ní òun ò lè sọ bóyá ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n bá a bá rí ẹni tó lè búra nípa bí àlejò yẹn ṣe wọlé, òun máa pe ìjọba lẹ́jọ́, kí wọ́n mú un jáde.

Mo ní ká máa lọ, oòrùn ti mú. Mò ń ṣàwàdà títí a fi délé.

Àlàmísì, 13
Wọ́n ti ra ẹ̀wà àkàrà fìdáù. Mo bá wọn ṣà á. Ọwọ́ èmi yìí.

Sátidé, 15
Muslimat, máa kọ, má wojú mi.

Èmi ni.

Nílé wa, a kì í béèrè orúkọ àlejò kó tó jẹun. Bí ìyá ọkọ mi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ọkùnrin náà dé lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó ní mọ́tò òun bàjẹ́, Ìlọrin lòun ń lọ. Jubril wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń ránṣọ. Mo bu ẹ̀wà fún àlejò náà. Ó jẹun tán, oorun ń gbé e lọ, mo ní kó lọ nà sí yàrá Jubril. Mi ò rántí béèrè orúkọ mọ́. Ilẹ̀ mọ́, ó lọ.

Lọ́jọ́ kẹta ni àwọn oníbọn dé. Wọ́n ní ta ló gbà á sílé. Jubril wò mí. Ó ní òun ni. Mo dákẹ́. Mo rò pé wọ́n á dá a padà nírọ̀lẹ́.

Kí wọ́n dín àkàrà wọn lọ́la. Àtìní, mò ń lọ búra lọ́dọ̀ Hilda. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n mú mi. Kí wọ́n ṣáà gbé mi dé kóòtù.

Nu ojú, Muslimat, omi ń kán sórí ìwé. Bàbá ẹ ni, mo mọ̀. O lè má kí mi mọ́ láàárọ̀. Ṣùgbọ́n kà á fún mi kí n gbọ́. Láti ibi tí mo ti ní èmi ni.