Ògiri Àárín Táyé àti Kẹ́hìndé

Atakpamé, Sátidé, oṣù kẹjọ, 1987

Ìyá Ìbejì wá láti Agbonou lónìí, ó wá gba àwòrán àwọn ọmọ rẹ̀. Táyé ti lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. A kì í sọ pé ìbejì kú.

Kámẹ́rà tuntun ni mo fi yà wọ́n lóṣù tó kọjá, èyí tí ẹ́ńjìnnì kékeré máa ń yí ojú rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí àwòrán lè hàn kedere. Àmúyangàn mi! Mo to àwọn ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ̀rọ kùn, ó dákẹ́, mo tẹ̀ ẹ́. Àárín nìkan ló máa ń wò, kò sì sí ọmọ kankan láàárín. Ojú àwọn méjèèjì ṣe bàìbàì. Ògiri ẹ̀yìn wọn ló hàn kedere, títí dórí ibi tó ti sán.

Ká ní ọwọ́ mi ni mo fi yí i... Mo ti ta kámẹ́rà àtijọ́ tí mo máa ń fọwọ́ yí.

Ìyá wọn tẹjú mọ́ àwòrán náà. "Ẹ̀gbọ́n Fọ́tò, kí ni ẹ̀rọ yín rí láàárín àwọn ọmọ mi?"

Mo ní ògiri ni. Ohùn mi ò jọ ti ẹni tí ọ̀rọ̀ dá lójú.

Ó ní kí n ya Kẹ́hìndé lọ́la, kí n fọ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí òun àti Táyé lè pé méjì. Kẹ́hìndé nìkan ni yóò dúró, ní àárín gan-an, níbi tí ẹ̀rọ náà ti ń wò láti ọjọ́ yẹn.