Ìkòkò Tí Ìyá Wa Zoila Quizhpi Ṣí Aṣọ Lórí Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ gun òkè wá bá wa kẹ́dùn, ẹ gba àga, ẹ nu ojú yín. Ìtàn ìyá kan la fẹ́ rò fún yín.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1948 ni a bí Màmá Zoila Virginia Quizhpi ní abúlé Alpachaca, lókè ìlú Azogues. Baba wọn, Don Manuel, ń gbin àgbàdo. Ìyá wọn, Doña Mercedes Yupa, ń hun fìlà koríko. Ìwé mẹ́rin ni Màmá kà kí fìlà tó gbà wọ́n lọ́wọ́ tíṣà. Fìlà ni wọ́n fi jẹun títí dọjọ́ ikú. Ìkòkò mímọ ni wọ́n fi ń sinmi.

Ní 1969, wọ́n fẹ́ Don Segundo Guamán, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò kún ṣíbí. Àkọ́bí wọn kú lọ́mọ oṣù méje. Ayé ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ìyá wa kò sunkún. Ìjà ni wọ́n ń bá gbogbo àdúgbò jà. Ni ìyá ọkọ wọn bá kó òòlù amọ̀ méjì lé wọn lọ́wọ́, ọ̀kan fún inú ìkòkò, ọ̀kan fún òde: "Ìyàwó mi, amọ̀ ni kí o máa lù, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀." Níbí, ìkòkò kì í yí, ẹni tó ń mọ ọ́n ló ń fẹ̀yìn rìn yí i ká. Nínú ìrìn yẹn ni ẹkún wọn ti dé.

Ọmọ ìjọ Kátólíìkì tòótọ́ ni wọ́n. Láti 1983, wọ́n ṣí àgbàlá wọn sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé fún ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan amọ̀. Carmelina ẹlẹ́nu mímú ń lu tirẹ̀ títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí ewé. Asencio onítìjú, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ń mọ tirẹ̀ nípọn bí ògiri.

"Asencio, ìkòkò lò ń mọ ni, àbí ilé ìdáná?"

"Ó sàn ju tìẹ lọ, tí ikọ́ lásán máa fọ́."

Ìyá wa á ní, "Ẹ máa bú ara yín lọ. Amọ̀ kò kọ ìwà ẹnikẹ́ni."

Ní 2009, Blanca, abígbẹ̀yìn wọn, mọ ìkòkò omi kan dé ìdajì, ó sì bá ọ̀nà New York lọ. Àwa kì í parí ìkòkò tí ọwọ́ ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀. Ìyá wa fi aṣọ tútù bò ó, wọ́n ń rẹ aṣọ náà láràárọ̀, kí amọ̀ má baà gbẹ kí ọmọ tó dé. Ṣùgbọ́n Blanca kò ní ìwé ìgbélùú. Bó bá jáde, kò ní lè padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó bí sọ́hùn-ún.

"Màmá, ṣé ó ṣì tutù?" ni yóò máa bèèrè lórí fóònù.

"Ó tutù, ọmọ mi."

Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n ní ká gbé ìkòkò náà wá sẹ́bàá ibùsùn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣí aṣọ náà, wọ́n sì pe Blanca.

"Mo ti ṣí i o. Má tìtorí mi fi àwọn ọmọ rẹ sílẹ̀."

"Màmá, ta ló máa wá parí ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni. Kò di dandan kó parí."

Nígbà tó gbẹ, a gbé e sínú omi níṣojú wọn, ó yọ́ padà di ẹrẹ̀. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà ọdún 2025 ni wọ́n dákẹ́.

Wọ́n fi Rodrigo, Nube àti Blanca sáyé, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́jọ; méjì nínú wọn, orí fóònù nìkan ni wọ́n ti mọ ojú ìyá àgbà.

Ẹkún kò jẹ́ kí àwa ọmọ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá Blanca sọ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ náà tán. Asencio tó di fóònù mú fún wọn ló sọ ìyókù fún wa. Ẹ sùn ire, Màmá. Kí ilẹ̀ òkè yìí rọ̀ yín lára.