Osùn Ni A, Aró Ni B: Ìgbésí Ayé Màmá Abigail Olúṣínà (1903–1959)

A bí olóògbé Màmá Abigail Olúṣínà ní Kiri, ní ilẹ̀ Bùnù, ní nǹkan bí ọdún 1903. Kò sí ẹni tí ó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ohun tí a gbọ́ ni pé ìkórè ọkà bàbà ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. Ọláníran àgbẹ̀ ni bàbá wọn. Ìyá wọn ni Ṣẹ́tú aláró, Mùsùlùmí tí kì í pa ìrun jẹ, tí kì í sì í pa ìkòkò aró rẹ̀ tì. Lẹ́sẹ̀ ìyá yìí ni Màmá ti kọ́ bí a ṣe ń gún ẹ̀lú fún aró, bí a ṣe ń lọ osùn, àti òfin kan tí ìyá náà kì í rú, pé ìkòkò kan kì í pa àwọ̀ méjì.

Ní 1922 ni Màmá ṣe ìrìbọmi. Wọ́n kọ́ ìwé lọ́dọ̀ olùkọ́ ìjọ fún ọdún méjì, nígbà tí wọ́n bá ti oko dé. Ibẹ̀ ni ilé-ìwé tiwọn parí sí. Ní 1925 ni wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Simon Olúṣínà, àgbẹ̀ àti òǹkàwé nínú ìjọ. Ọmọ méje ni Ọlọ́run fún wọn, mẹ́rin ló kù. Ní 1948 ni Bàbá lọ, tí Màmá sì dá nìkan ru ẹrù ilé. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ wọ́n sí ẹni tí í kọ́kọ́ jókòó kí ó tó dá ènìyàn lóhùn.

Ogún ọdún ni Màmá fi gbá ilé Ọlọ́run, kí ìjọ tó tún gbé iṣẹ́ mìíràn lé wọn lọ́wọ́ ní 1951: kí wọ́n máa bá àwọn ìyá tó ń lọ oko tọ́jú ọmọ kéékèèké. Jẹ́lé-ó-sinmi ni a ń pè é. Ilé sinmi lóòótọ́. Màmá ni kò sinmi. Ọmọ mọ́kàndínlógún, kò sí síléètì, kò sí pẹ́ńsù. Màmá bá lọ gbé ohun tí wọ́n ní. Wọ́n fi èédú ya lẹ́tà gàgàrà sórí ìwé àpò sìmẹ́ńtì, wọ́n po osùn àti aró sínú igbá, wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan run orín tirẹ̀ títí ẹnu igi náà yóò fi rí bí ìgbálẹ̀ kékeré, kí ó fi í kun inú lẹ́tà, kí àwọ̀ má sì kọjá ìlà. Bí ọwọ́ ọmọ bá ṣe ń tọ ìlà ni Màmá ń pe lẹ́tà náà, tí gbogbo wọn á sì gbè é. Ohùn Màmá kò dùn, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó sá. Kí ọdún tó yí po, àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin ti ń to lẹ́tà pọ̀, wọ́n ń ka orúkọ ara wọn.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran; ẹ jẹ́ kí a sọ àṣìṣe náà. Òfin ìyá wọn kò kúrò lọ́kàn Màmá: ìkòkò kan, lẹ́tà kan. Osùn ni A láti Ajé dé Ẹtì, aró ni B, omi ewé ni D. Kò sí ẹni tó rí ewu níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1954, olùbẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ kan gun kẹ̀kẹ́ dé. Àwọn ọmọ kí i bí a ti ń kí ara wa nílẹ̀ wa pé, “Okun o!” Ó ṣí ìwé ABD tí a fi tàdáwà dúdú tẹ̀, ó fi ìka lé A. Bíọ́lá, ọmọ ọdún márùn-ún tó mọ̀wé ju gbogbo wọn lọ, wo ìwé, ó wo olùbẹ̀wò, ó ní, “Bàbá, A kọ́ nìyí. A pupa.” Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ lẹ́tà dúdú. Olùbẹ̀wò náà kò bínú. Ọ̀nà ti tán an lókun. Ó ní òun yóò padà wá ní oṣù Keje, pé bí àwọn ọmọ kò bá lè ka ìwé títẹ̀, kí ìjọ ti ibẹ̀ pa, kí olúkúlùkù máa bá ìyá rẹ̀ lọ oko.

Màmá jókòó. Wọ́n ní, “Ọwọ́ mi ló ṣe é, ọwọ́ mi ni yóò tú u.”

Oṣù mẹ́rin yẹn ló mú Màmá gbó. Wọ́n kọ́kọ́ da àwọ̀ rú: lónìí A jẹ́ aró, lọ́la ó jẹ́ omi ewé, àwọn ọmọ sì ń sunkún pé Màmá ń tan àwọn. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi lé àwọ̀, díẹ̀ lónìí, púpọ̀ lọ́la. Osùn tó pupa fòò dà bí omi tí a fi ṣan ẹran. Nígbà tó yá, ó di omi lásán, àwọn ọmọ ń fi omi lásán kun lẹ́tà, wọ́n sì ń pè é, títí ó fi ku ìlà èédú nìkan. Kí aláró ọmọ aláró máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba àwọ̀ jẹ́ lójoojúmọ́, kì í ṣe ohun kékeré. Ó dun Màmá, wọ́n sì sọ fún wa pé ó dùn wọ́n. Ní oṣù Keje, Bíọ́lá ka ojú ìwé mẹ́ta fún olùbẹ̀wò láì dánu dúró. A kò ti ibẹ̀ pa.

Ṣùgbọ́n àárẹ̀ yẹn kò kúrò lára Màmá mọ́. Ní 1958 ni àìsàn dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Egbe, ẹ̀ẹ̀mejì ni a gbé wọn bọ̀. A kò ní purọ́, ó ti rẹ àwa náà. Wọ́n sùn nínú Olúwa ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹsàn-án, 1959. Nígbà tí a wẹ̀ wọ́n, aró kò kúrò ní èékánná wọn.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni Isaiah, olùkọ́ ní Mopa, Rachel, tó gba iṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi lọ́wọ́ wọn, Florence, Friday àgbẹ̀, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti àwọn ọmọ ọlọ́mọ tí a kò lè kà tán.

Èèpo ẹ̀yìn ìwé ìsìnkú yìí ni a kọ́kọ́ tẹ̀ ní Kabba, orúkọ Màmá ní lẹ́tà ńláńlá tí inú wọn ṣófo. Rachel kó o sílẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi, ó lọ pọn omi. Kí ó tó dé, àwọn ọmọ ti gbé igbá osùn, wọ́n ti kun A tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà ní gbogbo ẹ̀dà. A fẹ́ tún un tẹ̀, ṣùgbọ́n a jókòó, a wò ó, a fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin ará wa, ẹ má ṣe pè é ní àbàwọ́n. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ọ̀kan tó kọjá ìlà.

Okun o, Màmá. Ọwọ́ yín ti ṣe tó. Ẹ gbé igbá kalẹ̀, kí ẹ sùn re.