Ìyá Rẹ Ti Rí Ọkọ Mìíràn Lókè Òkun

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé onílé yín kò tún pariwo mọ́? Bí o ṣe jí lónìí, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa jí, ẹni tó bá sì ní kí o má rí oorun sùn, òun náà kò ní rí ibi gbé orí lé. Àmín. Ara mi le, bí a bá yọ ti ẹ̀yìn tó ń dùn mí kúrò. Òjò ti ṣí páànù kan lórí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi, ológbò ìyá rẹ sì ti bí mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ tí ìyá rẹ máa ń sùn sí lórí bẹ́ẹ̀dì. N kò lé e. Ibẹ̀ ṣófo.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ náà ni mo fi ń kọ̀wé. O mọ̀ pé oṣù mẹ́ta ni ó ní òun máa lò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ lókè òkun láti bá a tọ́jú ọmọ tuntun. Ó ti di oṣù márùn-ún báyìí. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tí kò rìn kọjá ọjà rí! O sì mọ̀ pé àwa méjèèjì la jọ lọ gba físà. Ọmọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì bi mí pé kí ni yóò mú mi padà wálé. Mo ní bí ìyàwó mi bá wà lọ́hùn-ún, kí ni mo fẹ́ padà wá ṣe? Òtítọ́ ni mo sọ. Wọ́n fún ìyá rẹ ní tirẹ̀, wọ́n dá tèmi padà.

Oṣù kìíní, ẹkún ni. Ó ní òtútù ń gé òun létí, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òun ń wọ̀ sùn, ẹ̀gbọ́n rẹ àti ọkọ rẹ̀ a ti jáde lọ síbi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, òun àti ọmọ ọwọ́ a máa wo ara wọn títí di àṣálẹ́, aládùúgbò kan kò sì kí òun rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni ó ń pè mí nígbà yẹn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ẹkún yẹn dùn mọ́ mi. Nígbà tó yá, orókùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n ní kí ó máa lọ sí ọsibítù kí wọ́n máa bá a nà án. Ìgbà yẹn ni ẹkún dáwọ́ dúró. Ìpè di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo dà á kọ síbí bí ó ṣe kọ ọ́ gan-an, kí o má baà ní mo parọ́ mọ́ ìyá rẹ:

"Baba won, e ku ile o. Oko ti mo n wo tele ko wulo mo, o ti gbo. Mo ti ri oko miran. O tobi, ki i pariwo, inu re si gbona daadaa. Aago mejo aaro lo maa n gbe mi lenu ona. Awa agba ki i sanwo."

Ṣé o rí i? Ó ti gbó! Èmi tí ó ti ń wò láti ọdún méjìdínlógójì! Pé ọkùnrin náà tóbi, mo gbà, oúnjẹ wà lọ́hùn-ún. Pé kì í pariwo, èmi ni ó ń bá wí, torí pé mo máa ń hanrun. Ṣùgbọ́n báwo ni ó ṣe mọ̀ pé inú rẹ̀ gbóná? Owó wo sì ni àgbà kì í san? Ìgbà wo ni mo gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ rí?

Mo gbé e lọ fún télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́, ó ní bàbá, ṣé ó dá yín lójú pé ohun tí ìyá ń sọ yìí kò ní táyà? Mo ní kí ó má fi ìyàwó ẹlòmíràn ṣe àwàdà. Láti ọjọ́ náà, n kò kí i mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá rẹ pè nínú fídíò. N kò bi í ní ohunkóhun, ọkùnrin ni mí. Mo kàn yí fóònù padà kíákíá kí n lè rí ẹni tó wà ní igun kejì yàrá wọn, ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù tiwa ni mo rí. Wọ́n gbọ́n. Ara rẹ̀ ń dán, ó wọ ẹ̀wù pupa kan tí n kò rà fún un. Ó ní òun máa tó wálé. Mo ní kò burú, kí ó bá mi kí wọn. Ó ní kí òun kí àwọn wo? Mo pa fóònù.

Jọ̀wọ́, ọmọ mi, wá owó díẹ̀ kí n tún físà náà gbà. Bí kò bá tó, fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ìyá rẹ kí ó fi máa bọ̀. Mo ti gé àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wálẹ̀, mo sì ti kan igi ìdìmú mọ́ ògiri láti ìdí bẹ́ẹ̀dì títí dé ilé ìwẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi ha á kí ó lè dán, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ilé òun nìkan ló rọ orókùn lọ́rùn.

Ọlọ́run á gbọ́ tìrẹ. O kò ní fi ilé rẹ sílẹ̀ fún ológbò. Ẹni tí o bá fẹ́ á fẹ́ ọ dalẹ́.

Bí o bá bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ̀rọ̀, ní kí ó sọ fún ọkùnrin náà pé orókùn òsì ni ó ń dun ìyá rẹ. Tó bá ń gbé e láàárọ̀, kí ó máa rọra.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, ọkọ ìyá rẹ títí di ìsinsìnyí.