Ọ̀lẹ̀lẹ̀ Ìyá Ràúfù

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ ti dágbére fáyé kí a tó gba òmìnira, ẹ ò sì mọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí. Yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ni mo wà, ní ilé ìwòsàn ńlá. A máa ń kán omi ara ẹ̀jẹ̀ sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, a ó fi iná mànàmáná sí i, èròjà tó ń mú ara dàgbà yóò wá pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí rẹ̀. Tí a bá pa bébà náà láró, ilà-ilà ló máa ń yọ. Ti àkọ́kọ́ ló yẹ kó hàn jù.

Wọ́n gbé ọmọ kan wá láti Àrẹ̀mọ. Irun rẹ̀ pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Tí èèyàn bá fìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn. Kì í ké bí ọmọdé, ńṣe ló ń kùn. Ìyá mi, bí àbúrò mi Làsísì tó kú ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Lórí bébà ọmọ náà, ilà àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí.

Ẹnikẹ́ni kò fún un ní májèlé. Ẹ̀kọ olómi nìkan ló ń mu látìgbà tí wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. A yẹ irú ẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ wò, èròjà yẹn kò tó nǹkan nínú rẹ̀. A yẹ ẹ̀wà wò, ó kún inú rẹ̀ bámúbámú.

Ẹ̀wà, Ìyá mi. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí Ìyá Ràúfù, ìyálé yín, máa ń fi sí Làsísì lẹ́nu ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ ní ibẹ̀ ló ti fún un ní nǹkan jẹ. Ẹ já a gbà lọ́wọ́ ọmọ, ẹ jù ú nù. Nígbà tí Làsísì kú, gbogbo agbo ilé wa ní Bẹẹrẹ gbà yín gbọ́, obìnrin náà sì di ẹrù rẹ̀ lọ sí Kúdẹtì. Ṣé ẹ fura rí? Ṣé ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀?

Mo lọ bá a lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Kò sunkún.

“Ọmọ Àrẹ̀mọ yẹn, ṣé ó yè?”

“Ó yè, Ìyá. Ẹ̀wà kíkúnná àti mílíìkì là ń fún un. Ó ti ń rẹ́rìn-ín.”

“Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ó mọ̀ kó tó lọ?”

Mi ò lè purọ́ fún un. “Wọn ò mọ̀, Ìyá.”

“Ó dáa,” ó wí, ó ń fi etí aṣọ nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.

Mo mú un wá sílé. Mo pe àwọn àgbà ilé jọ, mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn kan tọrọ àforíjì, àwọn kan ń wolẹ̀. Yàrá rẹ̀ ti wó, nítorí náà yàrá yín ló ń sùn sí. Kò jẹ́ kí a kó nǹkan yín kúrò. Láràárọ̀ tó bá kírun tán, á kọjú sí ẹní yín, á ní, “Ìyàwó, ṣé o jí ire?” Á wá máa retí èsì.

Lánàá, mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, èmi náà ń retí.

Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a lóhùn.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́dọ̀ yín.