Ìwé Tí A Ti Ṣe Àmín Sí

Ojúlé Kọkàndínlógún,
Àdúgbò Òjòwò,
Ìjẹ̀bú-Igbó,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Abímbọ́lá, ìyá Ìmísíolúwa, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

O kú òtútù Kánádà o. O kú iṣẹ́ òru, o kú àìrójú, o kú ilé tí kò sí ẹni tí yóò báni gbé ọmọ. Ṣé ikọ́ Ìmísíolúwa ti lọ? Ṣé bàbá rẹ̀ ti rí iṣẹ́ tó sún mọ́ ilé? Ẹsẹ̀ rẹ tó máa ń wú bí o bá dúró pẹ́ ní wọ́ọ̀dù ńkọ́? Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Muslimah ọmọ mi ti ga jù mí lọ, ó sì ti ń fi gíga náà bá mi sọ̀rọ̀. Màmá rẹ wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú, ara wọn le, wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé bẹ́líìtì tí o fi ránṣẹ́ fún ẹ̀yìn wọn dára.

Luqman àbúrò rẹ ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Mo lè fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù, àmọ́ mo mọ̀ ọ́. Kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, wàá ti fi àwòrán ọwọ́ méjì tó ń gbàdúrà dá mi lóhùn. Lẹ́tà kò ṣe é dá lóhùn láàárín. Jókòó, kí o kà á tán.

Ọ̀rọ̀ ìwé tí o ní kí wọ́n gbé wá fún mi ni, *Ọjọ́ Kẹsàn-án Ni Mo Dìde*. O ní tí mo bá ti kà á, ẹkún mi parí. Mo ti kà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, nítorí nígbà àkọ́kọ́ mo rò pé èmi ni orí mi kò pé tó.

Kí n rán ọ létí ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí kò dá mi lójú pé ìwọ fúnra rẹ kà á. Mákùn-Omi ni Ṣùkúrát, obìnrin inú ìtàn náà, ń gbé. Ọkọ rẹ̀ apẹja kú sómi ní ojú ìwé kejì. Wọ́n ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, oòrùn yọ, Ṣùkúrát mí kanlẹ̀, ó nu ojú, ó wọ aṣọ pupa, ó gba Èkó lọ ta ẹja. Kí oṣù tó parí, ó ti ní ilé iṣẹ́. Kí ìwé náà tó dé ìdajì, ọkùnrin kan tó ní ọkọ̀ dúdú ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mùsùlùmí ni obìnrin yìí o. Òǹkọ̀wé fún un ní híjáàbù, ó fún un ní tẹ̀sùbáà, ó wá gbàgbé láti fún un ní oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó fi ń jókòó. Èmi tí mo ka ọjọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan nínú yàrá yìí, mo fẹ́ mọ ẹni tó bá Ṣùkúrát jókòó èyí tó kù.

Kì í ṣe ìwọ nìkan ló ń pariwo ìwé náà. Rédíò ń pariwo rẹ̀. Haneefah, tó ń ta ìwé àti bírò nítòsí ọgbà yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, tó sì jẹ́ olórí ẹgbẹ́ òǹkàwé wa, ti ń kọrin rẹ̀ kí ó tó fojú rí i. Nígbà tí páálí ìwé náà dé, ó pe Áfà pé kó wá gbàdúrà sí i. Nítorí àwọn Kìrìsìtẹ́nì inú wa, ó pe Rẹ́fúrẹ́ńdì náà. Wọ́n gbàdúrà lé páálí lórí, a ń ṣe àmín, a ń ṣe àmín, títí ọ̀fun fi gbẹ. Ibẹ̀ la ti ṣìnà. O mọ̀ wá nílé: ohun tí a bá ti ṣe àmín sí, ta ni yóò tún la ẹnu sọ pé kò dáa? Ṣe ni yóò dà bíi pé ó ń kọ àdúrà ara rẹ̀.

Báyìí ni oníkálukú gbé ìjákulẹ̀ tirẹ̀ pa mọ́. Bàbá Simeon, hẹ́ẹ̀dímásítà tó ti fẹ̀yìn tì, fi bírò pupa sàmì sí gbogbo ibi tí Ṣùkúrát ti mí kanlẹ̀. Ó jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ó sọ ọ́ sí mi létí pé ọsibítù ló yẹ kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ, kì í ṣe Èkó. Ní ìpàdé, ó ní ìwé náà jinlẹ̀. Asimawu tó ń yan ẹja ní Ìbíadé ka ibi tí Ṣùkúrát ti ra ẹja tútù ní ìrọ̀lẹ́, tí ó sì di apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà ẹja gbígbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó pè mí lórí fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, ó ní ọjọ́ mẹ́ta lòun fi ń yí ẹja lórí iná. Ní ìpàdé, òun náà ní ìwé náà gba òun níyànjú. Èmi ńkọ́? Èmi náà mi orí.

Wọ́n wá ní òǹkọ̀wé náà, Ọ̀gbẹ́ni Zechariah, ń bọ̀ wá bá wa ṣe ìpàdé. Haneefah ní ó yẹ kí ẹnì kan jẹ́rìí. Ta ni ì bá jẹ́ bí kò ṣe èmi, opó kan ṣoṣo inú ẹgbẹ́? Kò bi mí. Ó yọ fọ́tò mi láti orí fóònù rẹ̀, ó fi ṣe pósítà, ó kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé: RAHEEMAH SỌ PÉ ÌWÉ YÌÍ GBÉ ÒUN DÌDE.

Wọ́n lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri sọ́míìlì tí Mùbàṣírù ọkọ mi ti ṣiṣẹ́. Mo ń kọjá lọ, Ẹ̀gbọ́n Qowiyyu tí wọ́n jọ ń la pákó jáde wá kí mi. Ó wo pósítà, ó wò mí, ó rọra sọ pé, "Ìyàwó wa, a dúpẹ́ pé o ti dìde. Àwa níbí, a ò tíì lè fi ẹlòmíràn sídìí ẹ̀rọ rẹ̀."

Abímbọ́lá, ojú tì mí bíi pé wọ́n ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń ta ẹrù ọkọ mi. Mo sì rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bí mo bá fi lè sọ níwájú èrò pé bẹ́ẹ̀ ni, mo ti dìde, kò sẹ́ni tí yóò tún dárúkọ Mùbàṣírù sétí mi mọ́. Wọn yóò ní ọ̀rọ̀ náà ti tán.

Ní Sátidé tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Zechariah dé. Ó ní ọjọ́ mọ́kànlélógún péré lòun fi kọ ìwé náà. Bàbá Simeon fi fìlà bo ẹnu. Ìyàwó ọkùnrin náà jókòó níwájú, ara rẹ̀ dá ṣáká. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí irú ohun tí ọkọ rẹ̀ ń kọ ṣẹlẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, wọ́n gbé máìkì fún mi. Gbólóhùn tí Haneefah kọ fún mi wà nínú àpò mi, n kò yọ ọ́.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọkọ Ṣùkúrát fẹ́ràn láti jẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màdáámù, ìyẹn ò sí níbẹ̀. Ìwé yìí kì í ṣe nípa ọkọ."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Ó ṣí ìwé. Ó ń ṣí i lọ, ó ń ṣí i bọ̀. Èmi tí mo kà á lẹ́ẹ̀mejì ti mọ̀ pé kò ní rí i. Ó pa ọkùnrin náà, kò tilẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ kó tó pa á.

Mo ní, "Mùbàṣírù lorúkọ ọkọ tèmi. Ìkọ́kọrẹ́ ló fẹ́ràn, ìsàlẹ̀ ìkòkò tó jóná díẹ̀. N kò tíì dìde. Ẹ bá mi ya àwòrán mi kúrò lára ògiri."

Mo dá máìkì padà, mo jókòó. Haneefah ní kí a pàtẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó pa á. Ẹ̀yìn ni mo ti gbọ́ ohùn Asimawu, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń béèrè ọ̀nà: "Ẹ̀gbọ́n òǹkọ̀wé, ẹja yẹn ńkọ́? Ta ló bá Ṣùkúrát yan án, àbí àǹjọ̀nú?"

Ẹ̀rín bú. Ni kálukú bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ti inú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnì kan ní aṣọ pupa lòun fẹ́ béèrè. Ẹlòmíràn ní òun ti sùn lé ìwé náà lórí nígbà mẹ́rin. Ọ̀gbẹ́ni Zechariah ní ìwé náà ga ju òye wa lọ. Haneefah bínú dìde, ó ní ṣebí àwa náà la ṣe àmín sí i. Bàbá Simeon dé fìlà padà, ó ní, "Àdúrà la ṣe àmín sí, Haneefah. A ò tíì ka ìwé nígbà yẹn."

Haneefah kò tíì kí mi láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n pósítà ti kúrò lára ògiri. Lánàá, Ẹ̀gbọ́n Qowiyyu wá sílé. Ó ní ejò kan jáde láti inú ihò igi gẹdú lọ́dún kan, Mùbàṣírù sì sá gun orí lọ́rì, kò sọ̀ kalẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun àsárì. Èmi rèé, ọdún mẹ́jọ ni ọkùnrin yẹn fi ń sọ fún mi pé òun ló fi igi pa ejò náà. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo tún rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ara mi ti fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Bá mi kí bàbá Ìmísíolúwa. Kí o fi ẹnu ko ọmọ náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún mi. Gààrí àti ẹja Asimawu wà nínú ẹrù Luqman, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ ẹ́ lọ́nà.

Ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ọ̀rẹ́ mi, nítorí náà má bínú sí èyí tó kù tí mo fẹ́ sọ. Láti oṣù Kẹrin tí ọkọ mi ti kú, o kò tíì dárúkọ rẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Olóògbé lo ń pè é. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wàá ní Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, wàá sì béèrè nǹkan mìíràn. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi gbé ìwé náà ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó dùn mí, ó dà bíi pé o ń sọ fún mi pé kí n ṣe kíá. Má gbé ìwé wá mọ́. Ìwọ lo kọ́kọ́ mọ ọkọ mi. Ọdún mẹ́ta lẹ fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà ní sẹ́kọ́ńdìrì, kí n tó mọ̀ pé ẹnì kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Pè mí. Kí o pe Mùbàṣírù ní Mùbàṣírù, kí o sì sọ ohun kan fún mi nípa rẹ̀ tí n kò mọ̀.

Èmi ni tìrẹ, tí kò ní yẹ̀,
Raheemah, ìyàwó Mùbàṣírù.